Bọ́ọ̀sì dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè gbaná láàárọ̀ ọyẹ́: ṣé epo ló ń dì ni?

Akérò_Ọ̀ffà:

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Bọ́ọ̀sì elérò 15 ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 2.8 lítà ni, sìlíńdà 4, páǹpù àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ọ̀ffà ló ń sùn, Ìlọrin ló ń ná, ó ń gba Ajàṣẹ́-Ìpo kọjá.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú, bí wọ́n bá ṣáná sí i ní aago 5 àbọ̀ ìdájí, sítátà á yí i títí bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 kó tó gbaná. Tó bá sì gbaná tán, á máa gbọ̀n jìgìjìgì fún bí ìṣẹ́jú kan, èéfín funfun tó ń ta ní ojú á gba gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí títí di ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án, bí ọwọ́ bá ti kan kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti gbaná.

Àbúrò ìyá mi tó wà ní Kánádà ní òtútù máa ń mú dísẹ́ẹ̀lì dì, pé ká máa po kẹrosíìnì mọ́ ọn. Mẹkáníìkì ní ká máa da pẹtiróòlù lítà 2 sí táǹkì lálẹ́. Ẹlòmíì tún ní ká máa fi aṣọ tó rin fún pẹtiróòlù dí ẹnu ibi tó ti ń mí. Èwo ni ká ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé lóòótọ́ ni epo ń dì ní Ọ̀ffà níbí?

Ọ̀gá_Nósù:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ohunkóhun sínú táǹkì yẹn. Epo yín kò dì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yín sọ láti Kánádà kì í ṣe irọ́, àmọ́ òtútù ibí kọ́ ni òtútù ọ̀hún.

Ìda kan wà nínú dísẹ́ẹ̀lì, ìran kan náà ni òun àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Nígbà tí ara epo bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìda yẹn á yọ́ sínú rẹ̀, ojú ò ní rí i. Bí òtútù bá wá dé ìwọ̀n kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní wóró kéékèèké, epo á rú, àwọn wóró yẹn á sì lọ lẹ̀ mọ́ fíltà. Ẹni tó bá ti wo ìgò epo pupa láàárọ̀ ọyẹ́ ti rí ohun tí mò ń sọ: ìdí ìgò á ti dì, àwọ̀ rẹ̀ á ti di ti ọsàn, nígbà tí tòkè ṣì pọ́n tó sì ń ṣàn. Àdín àgbọn ń dì ní nǹkan bíi dígíríì 24. Dísẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní nọ́ḿbà 2, tí wọn ò po oògùn òtútù kankan mọ́, ó di nǹkan bíi dígíríì 10 sísàlẹ̀ òdo kó tó dí fíltà pa. Òtútù ìdájí tiwa láti Ìlọrin dé Ọ̀ffà kì í sábà lọ sísàlẹ̀ dígíríì 15. Níbo ló ti fẹ́ rí òtútù tó máa mú un dì?

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ bu dísẹ́ẹ̀lì láti inú táǹkì sínú ike omi kan tó mọ́, ẹ bu epo pupa sínú òmíràn, ẹ gbé méjèèjì sórí fẹ́ǹsì lálẹ́. Ní aago 5 àbọ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Epo pupa á ti sùn. Tí dísẹ́ẹ̀lì bá mọ́ gaara, tó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú ike, ọ̀rọ̀ dídì ti kúrò nílẹ̀. Ẹ tún wo ìdí ike náà dáadáa: tí ẹ bá rí ìlà kan tó là á sí méjì nísàlẹ̀, omi ló wà lábẹ́ epo yẹn, a máa padà sórí ìyẹn.

Àmì mìíràn wà tó dá mi lójú ju ti ike lọ. Ọkọ̀ tí epo rẹ̀ dì sábà máa ń gbaná. Epo díẹ̀ tó ti wà nínú páǹpù àti nínú fíltà ló ń jẹ. Á lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, agbára á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní gbọ́, á sì kú sójú ọ̀nà. Tiyín kọ̀, kò fẹ́ gbaná, àmọ́ bó bá ti gbaná, ó di alẹ́. Òdìkejì ara wọn gan-an ni. Kì í ṣe epo ni ọkọ̀ yín ń wá ní ìdájí, ooru ló ń wá.

Èéfín funfun yẹn ló tú u fó. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì tí sàlẹ́ńsà kò yọ èéfín kankan, epo kò dé sìlíńdà. Bí èéfín funfun bá ń yọ, tó ń ta lójú, tó ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì tútù, epo ti dé, nósù ti fọ́n ọn, iná tí yóò jó o ni kò sí. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ta iná bíi ti ọkọ̀ pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún mọ́ra títí tó fi gbóná janjan ló ń jó o. Irú ẹ́ńjìnnì tiyín yìí, yàrá kékeré kan wà lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, inú ibẹ̀ ni nósù ń fọ́n epo sí. Ní ìdájí, irin yàrá yẹn ti tutù, ó sì ń fa ooru afẹ́fẹ́ náà mọ́ra. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ki hítà plọ́ọ̀gì bọ inú rẹ̀, ọ̀kan fún sìlíńdà kan. Ẹnu plọ́ọ̀gì náà á pọ́n bí ògúnná, á gbóná kọjá dígíríì 800. Bí méjì bá ti kú nínú mẹ́rin, sìlíńdà méjì á gbaná, méjì tó kù á máa tu epo tútù jáde títí ara wọn á fi gbóná. Gbígbọ̀n tí ẹ ní ó ń gbọ̀n nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa dán wọn wò rèé. Irin pẹlẹbẹ kan ló so orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kéékèèké tó dè é mọ́lẹ̀, ẹ gbé irin náà kúrò, kí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹ yí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí ọ́ọ̀mù. Kẹ́ ẹ tó wọn nǹkan kan, ẹ fi ẹnu waya mítà méjèèjì kan ara wọn: mítà olówó pọ́ọ́kú máa ń ka 0.3 tàbí 0.5 fún waya tirẹ̀, ẹ máa yọ iye yẹn kúrò nínú ohun tó bá kà lẹ́yìn náà. Ẹ wá fi ẹnu kan kan orí plọ́ọ̀gì, kí ẹnu kejì wà lára irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà tàbí gírísì. Plọ́ọ̀gì tó yè sábà máa ń wà láàárín 0.5 sí 1.5. Èyí tí mítà bá kọ OL fún, ó ti já nínú. Ẹni tí kò ní mítà lè lo gílóòbù 21 wáàtì tó wà nínú iná bíréèkì: waya láti pọ́sítíìfù bátìrì wọ gílóòbù, láti gílóòbù wọ orí plọ́ọ̀gì. Bó bá tàn, plọ́ọ̀gì kò tíì já. Àmọ́ gílóòbù kò lè sọ fún yín bóyá ó ń gbóná dáadáa.

Ẹ má lọ ra plọ́ọ̀gì ní òpópónà Táíwò n'Ílọrin nítorí pé ó jọ ara wọn. Fóòtì rẹ̀ wà ní kíkọ sára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ń lo ti 11 tàbí 12, òmíràn ń lo ti 6. Tí ẹ bá ki ti 6 bọ ibi tí iná 12 ti ń wá tààrà, á jó kí ẹ tó ka ẹní, èjì. Ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ dání lọ sọ́jà.

Rìwáyà_Gerí:

Salamu alaikum. Ọ̀gá Nósù ti sọ̀rọ̀ gidi, àmọ́ kí ẹ tó náwó sí plọ́ọ̀gì, ẹ wo bóyá iná ń dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé plọ́ọ̀gì tuntun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ ra, nígbà tó jẹ́ pé rílèé, ìyẹn swíìṣì tó ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì, ló ti kú.

Kí irin pẹlẹbẹ yẹn wà níbi tó wà. Ẹ yí mítà sí fóòtì, ẹnu dúdú sára nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹnu pupa sórí irin náà. Kí ẹnì kan ṣí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, kó má ṣáná. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ "kọ̀" kan lára rílèé, kí mítà sì ka 11 sókè tó bá jẹ́ ti fóòtì 12. Bó bá ka òdo, ẹ wo fíùsì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, lẹ́yìn náà rílèé. Bó bá ka 8 tàbí 9, ipata ti wà lẹ́nu waya rílèé tàbí ẹnu fíùsì. Plọ́ọ̀gì kan lè fa áḿpù 10 sókè, mẹ́rin ń lọ sí 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ipata tín-ín-rín tí kò ní ṣe iná ilé ní nǹkan kan á gba gbogbo ooru yẹn mọ́ plọ́ọ̀gì lọ́wọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹnu waya náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á: ibi tó bá gbóná ni àìsàn wà.

Iná kékeré tó dà bíi waya lílọ́ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé dẹ́rẹ́bà yín ń dúró dè é? Nínú ooru, ó ti mọ́ wọn lára kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà títí dé òpin. Ní ọyẹ́, kí ó ṣí i, kí iná yẹn kú, kí ó tún ka 4 tàbí 5 kó tó ṣáná. Bí kò bá gbà, kí ó pa á pátá, kí ó tún un ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó má sì di sítátà mú kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 15 láìsinmi, torí waya inú rẹ̀ ń jó.

Bátìrì ńkọ́? Lẹ́yìn tó bá ti sùn mọ́jú, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ó yẹ kó ka 12.6. Bó bá ka 12.2, ààbọ̀ agbára ló kù. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa wo mítà nígbà tí sítátà ń yí: bó bá já sísàlẹ̀ 9.6, bátìrì tàbí ẹnu waya ló bàjẹ́. Ẹ má fojú di èyí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí lọ́ra, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á ráyè jò, ooru rẹ̀ á ráyè wọ irin, kò ní gbóná tó láti jó epo. Ooru oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ló ń pa bátìrì, ọyẹ́ ló kàn ń tú u fó. Ẹ tún yẹ waya ńlá tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáásì wò, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe gíà, tí wọn ò dè é padà dáadáa.

Tírákítọ̀_Ìdófìàn:

Lórí aṣọ oní-pẹtiróòlù nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, torí ó lè pa èèyàn. Plọ́ọ̀gì ti pọ́n nínú, ẹ wá ń fa ooru pẹtiróòlù wọ ibẹ̀. Kò ní dúró kí písítìnì dókè kó tó bú. Ó ń ṣẹ́ ríìǹgì písítìnì, ó ń tẹ rọ́ọ̀dù, iná sì lè gba ẹnu ibẹ̀ jáde sójú ẹni tó di aṣọ mú. Bákan náà ni oògùn fífọ́n tí wọ́n ń tà nínú agolo fún ọkọ̀ tí kò fẹ́ gbaná. Ẹ́ńjìnnì tó bá ní hítà plọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ rí i rárá.

Ti inú táǹkì: páǹpù àtijọ́ yẹn, dísẹ́ẹ̀lì ló fi ń para bí òróró. Pẹtiróòlù kò ní ọ̀rá, kẹrosíìnì náà kò ní tó. Ẹ ó jẹ páǹpù tán nítorí ìṣòro tí kì í ṣe ti epo. Owó títún páǹpù ṣe, ẹ ó fi ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin lọ́nà mélòó kan.

Ẹ tún bi dẹ́rẹ́bà pé irú òróró wo ló wà nínú ẹ́ńjìnnì. 15W-40 kò ní ìṣòro kankan ní dígíríì 15. Tó bá jẹ́ òróró 50 tó nípọn lásán ni, á wúwo fún sítátà láàárọ̀. Kí ẹ sì yọ fíltà afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ àsìkò yìí, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi ń dí i tó bá ń ná ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ẹ gbé e sókè, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti inú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti jáde, kò mí níbẹ̀. Láti inú síta ni kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, kì í ṣe láti ìta wọnú.

Akérò_Ọ̀ffà:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe. Mo gbé ike méjèèjì sórí fẹ́ǹsì: epo pupa ti sùn dé ààbọ̀, dísẹ́ẹ̀lì mọ́ gaara, kò sí ìlà omi nídìí rẹ̀. Bátìrì 12.5, nígbà tí sítátà ń yí 10.4. Iná dé orí irin pẹlẹbẹ, 11.6. Plọ́ọ̀gì: 0.9, OL, 1.0, OL. A ti yọ méjèèjì tó kú, a fi tuntun sí i, fóòtì 11 bíi ti tẹ́lẹ̀.

Èéfín funfun ti dín kù gidigidi, gbígbọ̀n náà ti lọ. Àmọ́ nǹkan kan ṣì kù. Bí ó bá sùn níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ló ń gbà. Bí ó bá sùn ní iwájú ilé tí orí rẹ̀ kọjú sókè, sítátà á yí bíi 8, sàlẹ́ńsà kò ní yọ èéfín kankan fún 6 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló máa wá gbà. Bátìrì kan náà, plọ́ọ̀gì kan náà.

Ọ̀gá_Nósù:

Ẹ ti ka èéfín dáadáa. Méjì ni àìsàn yẹn, ọ̀kan ti lọ. Èyí tó kù ni èyí tí kò yọ èéfín: epo ń sá padà sí táǹkì lálẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba ipò rẹ̀. Bí orí ọkọ̀ bá kọjú sókè, táǹkì wà nísàlẹ̀, páǹpù wà lókè, epo á rọra ṣàn padà níbikíbi tí afẹ́fẹ́ bá ti rí ojú ihò wọlé.

Ẹ má wá ibi tí epo ti rin o, ẹ ò ní rí i. Láti táǹkì dé páǹpù, fífà ni epo ń jẹ́, páǹpù ló ń fà á. Ojú ihò tó wà lọ́nà ibẹ̀ kì í jò síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi ń wo abẹ́ ọkọ̀ tí yóò ní ó gbẹ, kò sí nǹkan.

Ẹ ra họ́òsì tó mọ́ gaara tí epo kì í jẹ, ìwọ̀n 8 mílímítà tàbí èyí tó bá ẹnu páǹpù mu, gígùn rẹ̀ kí ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ fi í sáàárín fíltà àti páǹpù, ẹ fi kìlíìpù dè é lẹ́nu méjèèjì. Kí ọkọ̀ sùn níbi tó kọjú sókè. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo họ́òsì yẹn. Bó bá kún fún epo, afẹ́fẹ́ ò wọ ibẹ̀. Bí ààbọ̀ rẹ̀ bá ṣófo, ẹ fọwọ́ tẹ páǹpù kékeré tó wà lórí fíltà títí tó fi le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, tí epo fi kún họ́òsì, kẹ́ ẹ wá ṣáná. Bí ó bá gbaná lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè náà.

Ibi tó sábà máa ń fara pa mọ́ sí: àkọ́kọ́ ni àwọn họ́òsì tín-ín-rín tó so orí nósù kan mọ́ ìkejì, tó ń dá epo àṣẹ́kù padà. Ooru ẹ́ńjìnnì ń yan wọ́n, gbígbẹ ọyẹ́ ń parí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Bí ó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ewé gbígbẹ, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kì í wọ́n. Ìkejì ni rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu fíltà, pàápàá bí wọ́n bá pààrọ̀ fíltà láìpẹ́ yìí tí wọ́n sì tún fi rọ́bà àtijọ́ dè é. Ìkẹta ni páǹpù ọwọ́ yẹn fúnra rẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ń ya. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ wo ibi tí họ́òsì ti bọ́ sórí irin lókè táǹkì, ipata ń lu irin yẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde: ẹ tú sìkúrúù tó wà lórí fíltà díẹ̀, ẹ máa tẹ páǹpù ọwọ́ títí tí epo fi ń jáde láìsí ìfófòó, ẹ dè é. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù méjì lẹ́nu nósù ní ìdajì yíyí, kí wọ́n yí sítátà títí epo fi ń ta jáde níbẹ̀, kẹ́ ẹ dè wọ́n padà. Kí ojú àti ọwọ́ yín má sún mọ́ ọn. Ẹ má sì ṣe ìyẹn láéláé fún ẹ́ńjìnnì tuntun tó ń lo kọ̀ǹpútà, agbára epo inú páìpù tiwọn ń kọjá báà 1,000, ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ẹ bá wà nídìí fíltà, ẹ tú kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní yíyí méjì, ẹ tẹ páǹpù ọwọ́ bíi 7 sínú agolo. Àárọ̀ ni ká ṣe é, kí ọkọ̀ má tíì mì, torí omi ti sùn sísàlẹ̀ mọ́jú. Omi inú táǹkì lákòókò yìí kì í ṣe ti ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ. Ti àsìkò òjò ló kù níbẹ̀, tàbí ti kẹ́ẹ̀gì tí wọn ò fọ̀. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó ń yọ̀ bí ilá nínú agolo, kòkòrò tí ojú ò rí ló ń gbé ibi tí omi àti epo ti pàdé, ẹ ní láti sọ táǹkì kalẹ̀ fọ̀ ọ́.

Pikọ́ọ̀pù_Òmù-Àrán:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tèmi jẹ́ pikọ́ọ̀pù 2.5 tó ń lo kọ̀ǹpútà. Òun náà ń pẹ́ díẹ̀ láàárọ̀. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Rìwáyà_Gerí:

Rárá o. Irú tiyín ń fọ́n epo tààrà sórí písítìnì, ó lè gbaná ní dígíríì 16 láìsí hítà plọ́ọ̀gì kankan bí ara rẹ̀ bá yá. Nítorí náà, ẹ má fi plọ́ọ̀gì ṣe ìfura àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ka agbára epo nígbà tí sítátà ń yí: bí kò bá tètè dé nǹkan bíi báà 200 sí 250, kọ̀ǹpútà kò ní gbà kí nósù ṣí. Nósù tó ń da epo padà jù, fíltà tó dí, tàbí afẹ́fẹ́ lọ́nà epo ló sábà ń fà á. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán plọ́ọ̀gì wò, mítà ọ́ọ̀mù nìkan. Ẹ má fi waya bátìrì kàn án tààrà, àwọn tuntun kan ń lo fóòtì 4.4 tàbí 7, wọ́n á jó lójú yín.

Ọmọ_Ìgbómìnà_Kánádà:

Ẹ kú ilé o. Mo rí i pé wọ́n dárúkọ Kánádà. Kí ẹ má ba àbúrò ìyá yín wí, níbí ọ̀rọ̀ náà le. Nígbà tí òtútù bá wọ dígíríì 30 sísàlẹ̀ òdo, ohun tí Ọ̀gá Nósù sọ nípa ìda ń ṣẹ lójú ẹni.

Iléepo níbí ń pààrọ̀ epo bí àsìkò bá yí. Ti òtútù ni wọ́n ń pè ní nọ́ḿbà 1, ó súnmọ́ kẹrosíìnì, ìda inú rẹ̀ kéré. Wọ́n sábà máa ń pò ó mọ́ nọ́ḿbà 2. Ní Jámánì, òfin ni pé láti ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá títí dé òpin oṣù Kejì, dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ lè gba fíltà kọjá títí dé dígíríì 20 sísàlẹ̀ òdo. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń mú jù ni àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá tó ra epo ní gúúsù Amẹ́ríkà tí ooru wà, tí wọ́n wá gbé e wọ àríwá lóru. Epo ìlú ooru ló wà ní táǹkì wọn.

Oògùn tí à ń dà sí i kì í yọ́ ìda tó ti dì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí àwọn wóró yẹn má lè so pọ̀ di ńlá, nítorí náà kí epo tó tutù ni à ń dà á, pàápàá kí a tó rọ epo, kí epo tuntun fi pò ó. Bí ó bá ti dì, fíltà tuntun tí a kún fún epo tó dára ni à ń fi sí i, a ó wọ́ ọkọ̀ wọ ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mélòó kan. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dáná sábẹ́ táǹkì. Omi inú fíltà náà ń di yìnyín ní òdo gẹ́lẹ́, kí ìda tó dì rárá, èyí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ tí wọ́n fi ń pè é ní dídì epo. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ní hítà kan tí a ń fi waya iná ilé sí, ó ń mú omi ráìdétọ̀ gbóná. Wákàtí 3 tàbí 4 ṣáájú ìjáde ti tó, kò pọn dandan kí ó wà níbẹ̀ mọ́jú.

Kò sí èyí tí bọ́ọ̀sì Ọ̀ffà nílò nínú gbogbo rẹ̀.

Akérò_Ọ̀ffà:

Họ́òsì orí nósù ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́. A ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ sùn ní orí òkè lánàá, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ló gbà láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì méjì tó kù náà kí wọ́n má baà kú lọ́nà. Ọ̀kan le gan-an, kò fẹ́ tú. Kí n fi páìpù gígùn sí sípánà?

Ọ̀gá_Nósù:

Ẹ má fi páìpù sí i! Bó bá ṣẹ́ sínú, ẹ ó sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ẹ fọ́n òróró tó ń wọ ipata sí ìdí rẹ̀ lálẹ́, ẹ tún fọ́n ọn láàárọ̀. Kí ọkọ̀ lọ dé Ajàṣẹ́ kó padà, kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kẹ́ ẹ wá fi sípánà kúkúrú tú u díẹ̀, kẹ́ ẹ dè é padà díẹ̀, síwá-sẹ́yìn, títí tó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ fọ ihò náà mọ́ kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́. Ìka ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí i wọlé dé ìdí, kí ó má baà wọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà sípánà ìwọ̀n ní nǹkan bíi 13 newton-mítà. Bí ẹ kò bá ní i, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan péré lẹ́yìn tó bá ti jókòó. Nọ́ọ̀tì kékeré orí rẹ̀ kò fẹ́ agbára rárá, ìka méjì lórí sípánà ti tó.